Ìhàlẹ̀ Ìyọnípò Kí Ọjọ́ Ìdìbò Tó Pé

Ẹ̀yin ará Atokoligbé, ẹ̀yin ará Bantè, Pira, Gouka àti Savalou, ọ̀rọ̀ àsọyé òní dá lórí ọgbọ́n kan tí àwọn olóṣèlú máa ń ta nígbà tí ìdìbò ààrẹ bá ti ń súnmọ́lé: kí wọ́n máa halẹ̀ mọ́ olùdíje kan pé àwọn yóò yọ ọ́ nípò, tàbí pé àwọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ará ìlú tó ráyè tẹ̀ka fún un.

Ní ọjọ́ Ajé, 16 April 2007, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àjọ elétò ìdìbò, INEC, kò ní àṣẹ láti yọ orúkọ olùdíje kankan kúrò nínú ìdíje. Ọjọ́ Sátidé, 21 April, ni ìdìbò ààrẹ. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù. Àwọn ìwé ìdìbò tí INEC ti tẹ̀ sílẹ̀ kò sì ní orúkọ Atiku Abubakar, olùdíje ẹgbẹ́ alátakò, nínú. Ni wọ́n bá sáré lọ tẹ òmíràn ní South Africa, ó lé ní ọgọ́ta mílíọ̀nù, bàálù ń kó wọn bọ̀ nígbà tí ọjọ́ ìdìbò ti kanlẹ̀kùn. Kò sí nọ́ńbà lára àwọn ìwé náà tí èèyàn lè fi mọ iye tó jáde àti iye tó padà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ tó yẹ kí ìdìbò bẹ̀rẹ̀ di aago mẹ́wàá, ibi púpọ̀ sì wà tí oòrùn ti kan àtàrí kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti tò sílẹ̀ láti ìdájí.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀?

Atiku kì í ṣe alátakò láti ìbẹ̀rẹ̀. Igbákejì ààrẹ ni. Òun àti Ààrẹ Olusegun Obasanjo ni wọ́n jọ gba ìjọba ní 29 May 1999, àwọn méjèèjì náà ni wọ́n tún jọ wọlé ní 2003. Ohun tó da àárín wọn rú ni ọ̀rọ̀ sáà kẹta. Àwọn kan fẹ́ tún òfin ilẹ̀ ṣe kí Obasanjo lè tún du ipò náà, Atiku sì ta kò ó ní gbangba. Nígbà tí ilé aṣòfin àgbà da àbá náà nù ní 16 May 2006, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ rárá. Ní oṣù September ọdún kan náà, Obasanjo fi ìwé ìwádìí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé Atiku fi owó PTDF ṣe ohun tí kò yẹ. PTDF ni àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìmọ̀ iṣẹ́ epo rọ̀bì. Atiku ní òun kò jẹ̀bi, ó sì ka ẹ̀sùn sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn padà. Ẹgbẹ́ wọn, PDP, dá a dúró fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìyọnípò gba ẹnu àwọn èèyàn ẹgbẹ́ náà kan. Nígbà tó di December, ẹgbẹ́ AC fà á kalẹ̀ ní Èkó pé òun ni olùdíje wọn fún ipò ààrẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i tí iléeṣẹ́ ààrẹ fi kéde pé àga igbákejì ààrẹ ti ṣófo, pé ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ ti fi ipò náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbi tí òfin wà, nítorí ibẹ̀ ni ojú ọ̀rọ̀ ti hàn kedere. Abala 143 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló sọ bí a ṣe ń yọ ààrẹ tàbí igbákejì rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ rí ìwé náà gbà láàárín ọjọ́ méje. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ilé méjèèjì yóò dìbò bóyá kí ìwádìí wáyé, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Adájọ́ àgbà yóò yan èèyàn méje tí kì í ṣe olóṣèlú, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní oṣù mẹ́ta láti wádìí. Bí àwọn méje náà bá ní ẹ̀sùn kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó fìdí múlẹ̀, ilé méjèèjì yóò tún dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀nà gígùn ni, àwọn tó kọ òfin náà sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un gùn. Wọn kò fẹ́ kí ìbínú ẹnì kan, tàbí ti ẹgbẹ́ kan, di ohun tí yóò gba ẹni tí ìlú yàn kúrò lórí àga. Ìwé ìkéde láti iléeṣẹ́ ààrẹ kò sí nínú ọ̀nà náà. Ní 20 February 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Abuja sọ bẹ́ẹ̀ gan-an: ààrẹ kò ní àṣẹ láti lé igbákejì rẹ̀ lọ, ilé aṣòfin nìkan ló lè yọ ọ́, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà.

Atiku borí ní ilé ẹjọ́ méjèèjì. Kí ló rí gbà? Umaru Yar'Adua, tí PDP fà kalẹ̀, ni wọ́n kéde pé ó ní ìbò mílíọ̀nù 24.6. Muhammadu Buhari ní 6.6, Atiku sì ṣe ẹ̀kẹta pẹ̀lú 2.6. Kò sí ẹni tó lè sọ iye tí ì bá ní ká ní ó fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún yẹn polongo dípò kó máa ti ilé ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Yar'Adua fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un, gbà pé àbùkù wà nínú ìdìbò tó gbé òun wọlé.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ẹni tó ń halẹ̀ ìyọnípò kò nílò kí ìyọnípò ọ̀hún ṣẹ. Ọjọ́ ló ń fẹ́ jẹ. Bí ìhàlẹ̀ náà bá ti lè gbé olùdíje dé ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdìbò láìlówó, láìlágbára, tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tàbí kò sí, iṣẹ́ ti parí. Ilé ẹjọ́ lè dá ipò padà fún èèyàn. Kò sí adájọ́ tó lè dá ọjọ́ tó ti kọjá padà.

Rashidi Ladoja mọ èyí ju ọ̀pọ̀ lọ. Gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Lamidi Adedibu, àgbà olóṣèlú ìlú Ìbàdàn tó wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn dórí àga. Aṣòfin 32 ló wà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Méjìdínlógún nínú wọn kóra jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan, D'Rovans, wọ́n gbé ètò ìyọnípò kalẹ̀ níbẹ̀, ní ìta ilé aṣòfin. Ní 12 January 2006 wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́, wọ́n sì búra fún igbákejì rẹ̀, Adebayo Alao-Akala. Ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kì í ṣe méjìdínlógún, méjìlélógún ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà sọ bẹ́ẹ̀ ní December ọdún yẹn, Ladoja sì padà sórí àga.

Àmọ́ oṣù mọ́kànlá ti lọ. Àsìkò tí ẹgbẹ́ ń yan olùdíje náà ti ń lọ. Ní April 2007, Alao-Akala ni PDP fà kalẹ̀, òun náà ló wọlé. Ladoja lọ bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fi oṣù mọ́kànlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun kún sáà òun, wọn kò gbà fún un. Lónìí òun ni Olúbàdàn, wọ́n fi í jẹ ní September 2025, inú ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ì bá tún fẹ́ dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní 2007 kò rí orúkọ rẹ̀.

A gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ sí Obasanjo náà. Kó tó di pé ó ń halẹ̀ mọ́ igbákejì rẹ̀, wọ́n ti halẹ̀ mọ́ òun alára. Ní 13 August 2002, nígbà tí ìdìbò 2003 kù bí oṣù mẹ́jọ, ilé aṣojú-ṣòfin fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì pé kó fipò sílẹ̀ tàbí kí àwọn yọ ọ́. Wọ́n ní kò ná owó ìṣúná bí òfin ṣe là á sílẹ̀, wọ́n tún mẹ́nu ba àwọn ọmọ ogun tí wọ́n rán lọ sí ìlú Odi ní Bayelsa. Ọ̀rọ̀ Odi kì í ṣe kékeré. Ilé àwọn aráàlú jóná, èèyàn kú. Ṣùgbọ́n November 1999 ni wọ́n ya wọ Odi. Ó tó ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án tí ilé náà fi jókòó, tí kò gbé ìwé ìyọnípò kankan jáde lórí rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ń wá ẹni tí ẹgbẹ́ yóò tún fà kalẹ̀. Ghali Na'Abba tó jẹ́ olórí ilé náà àti Obasanjo, PDP kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Yakubu Gowon àti Shehu Shagari, tí àwọn méjèèjì ti ṣe olórí ìjọba rí, wá bá wọn parí ìjà, ìyọnípò kò wáyé, Obasanjo tún wọlé. Àwọn ará Odi ni kò rí ohunkóhun mú bọ̀ nínú rẹ̀.

Ìlú òyìnbó náà kò yọ sílẹ̀. Kí ìdìbò Amẹ́ríkà ti 8 November 2016 tó wáyé, Hillary Clinton kò tí ì gba ipò kankan tí a lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Republican ti ń sọ pé bó bá wọlé, àwọn yóò yọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ íméèlì tó fi ẹ̀rọ ilé ara rẹ̀ ṣe. Ron Johnson, sẹ́nétọ̀ Wisconsin, sọ ọ́. Jason Chaffetz, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìjọba, ní òun ti ní ìwádìí tó lè gbà tó ọdún méjì nílẹ̀ dè é. Ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún olùdìbò ni pé kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ yàn kò ní jókòó pẹ́. Clinton kò wọlé, ọ̀rọ̀ ìyọnípò náà sì dákẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ wá sílé.

Ní Benin, òfin ilẹ̀ ti 11 December 1990 mú ìyọnípò ààrẹ le gan-an. Ilé ẹjọ́ kan wà fún un, Haute Cour de Justice, ẹ̀sùn ńlá bíi ọ̀tẹ̀ sí orílẹ̀-èdè ni a sì ń gbé lọ síbẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè pe ààrẹ lẹ́jọ́. Nínú aṣòfin 109 tí a ní báyìí, mẹ́tàléláàádọ́rin nìyẹn. Láti ọdún 1990, kò sí ààrẹ kan tí wọ́n gbé dé iwájú ilé ẹjọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá halẹ̀ ìyọnípò létí yín nígbà ìpolongo, ẹ bi í pé ta ni àwọn mẹ́tàléláàádọ́rin náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dí olùdíje lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa yàtọ̀. Ìwé ìgbọ̀wọ́ ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí parrainage. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àwọn aṣòfin àti mẹ́ẹ̀rì tí yóò gbọ̀wọ́ fún un. Ní 2021, iye àwọn tó lè gbọ̀wọ́ jẹ́ 160: aṣòfin 83 àti mẹ́ẹ̀rì 77. Mẹ́rìndínlógún ni olùdíje gbọ́dọ̀ ní. Gbogbo aṣòfin 83 náà ló sì wà nínú ẹgbẹ́ méjì tó ń ti Ààrẹ Patrice Talon lẹ́yìn. Wọ́n dá ìwé Reckya Madougou padà, wọ́n dá ti Joël Aïvo padà, nítorí wọn kò ní onígbọ̀wọ́. Ní oṣù March, wọ́n mú Madougou. Ní oṣù April, lẹ́yìn ìdìbò, wọ́n mú Aïvo. Kí ọdún náà tó parí, CRIET, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn owó àti ìpániláyà, ti fi ẹ̀wọ̀n ogún ọdún fún obìnrin náà, ó sì fi mẹ́wàá fún ọkùnrin náà.

Agbègbè tiwa náà ti tọ́ ọ wò. Komi Koutché, ọmọ Bantè, tó ṣe mínísítà ètò ìnáwó lábẹ́ Ààrẹ Yayi Boni, wà lókè òkun nígbà tí CRIET dá a lẹ́bi ní April 2020 lórí owó àjọ tó ń yá àwọn ọlọ́jà àti àgbẹ̀ lówó, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ogún ọdún. Spain, níbi tí wọ́n ti mú un ní 2018, ti kọ̀ láti fà á lé Benin lọ́wọ́. Àwọn kan ní Bantè gbà pé ó jẹ owó, àwọn kan ní òṣèlú ni. Bí olùdíje tàbí olóṣèlú bá kó owó ìlú jẹ, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Owó tí wọ́n fẹ́ fi yá ìyá tó ń yan gaàrí ní Gouka kì í ṣe owó baba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ tí olùjẹ́jọ́ kò sí níbẹ̀, tó bọ́ sí ọdún tó ṣáájú ìdìbò ààrẹ, yóò máa ru ìfura sókè, kódà bí adájọ́ bá tilẹ̀ ṣe é dáadáa.

Ìfura náà kò mọ sí ẹnu nìkan. Ní ọjọ́ díẹ̀ kí ìdìbò 11 April 2021 tó wáyé, àwọn èèyàn dí ọ̀nà ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou, wọ́n ní sáà Talon ti pé. Àwọn ọmọ ogun wá ṣí ọ̀nà, ìbọn dún ní Ṣábẹ̀ẹ́, èèyàn kú. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ wa ló sì ní ìbátan níbẹ̀. Àwọn abúlé wà tí àpótí ìdìbò kò dé rárá lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó retí pé wọn yóò tún mú òfin ìgbọ̀wọ́ le sí i, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní March 2024 nìyẹn. Wọ́n sọ iye onígbọ̀wọ́ di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú aṣòfin 109 àti mẹ́ẹ̀rì 77, èyí jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Iye aṣòfin tí ẹgbẹ́ Les Démocrates ní nígbà náà ni méjìdínlọ́gbọ̀n géérégé. Kò lé kan, kò dín kan. Ní October 2025, wọ́n fa Renaud Agbodjo kalẹ̀ pé kó du ipò ààrẹ. Ọ̀kan nínú aṣòfin wọn, Michel Sodjinou, kọ ẹ̀yìn sí ìpinnu náà, ó lọ sílé ẹjọ́ láti gba ìwé ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. Méjìdínlọ́gbọ̀n di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Olùdíje ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí sì kúrò nínú ìdíje. Fún ìdìbò 12 April 2026, ó ku Romuald Wadagni àti Paul Hounkpè.

Sodjinou ní ẹ̀tọ́ sí ọkàn ara rẹ̀. Aṣòfin kì í ṣe ẹrú ẹgbẹ́. Lórí òfin tó jẹ́ kí ìwé ẹyọ kan tó ohun tí yóò gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ni ọ̀rọ̀ wà. April bọ́ sí àsìkò ìkórè kajú ní Atokoligbé. Obìnrin tó ń ṣa kajú lábẹ́ igi láti àárọ̀, tó fi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tó rìn dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò, ti pàdánù owó ọjọ́ kan. Ohun tó yẹ kó bá níbẹ̀ ni orúkọ gbogbo ẹni tó tọ́ láti du ipò náà. Bí kò bá fẹ́ Agbodjo, kó kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìka ara rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòroó rí. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti tún òfin ṣe kí ẹjọ́ ìdìbò ní iye ọjọ́ tí yóò gbà. Ní Benin, ó yẹ kí gbogbo ẹ̀sùn àti gbogbo àríyànjiyàn lórí ìwé ìgbọ̀wọ́ parí ní oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí ìdìbò tó dé, kí ẹgbẹ́ tí aṣòfin rẹ̀ bá yí padà lè ní àyè wá òmíràn. Ó sì yẹ kí wọ́n dá iye náà padà sí ohun tí ẹgbẹ́ alátakò lè dé, tàbí kí wọ́n gba ará ìlú láàyè láti gbọ̀wọ́ fúnra wọn, bí wọ́n ti ń ṣe ní Senegal, níbi tí olùdíje ti lè kó ìbuwọ́lù àwọn olùdìbò lásán jọ.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ilẹ̀ ní November 2025 ti sọ sáà ààrẹ, ti aṣòfin àti ti mẹ́ẹ̀rì di ọdún méje. Bí ètò yìí kò bá yí padà, 2033 ni ìdìbò ààrẹ tó kàn, àwọn tó wọlé ní January 2026 ni ìwé ìgbọ̀wọ́ yóò sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ méjì tó ń ti ìjọba lẹ́yìn ló pín gbogbo ìjókòó 109 náà láàárín ara wọn. Bantè, Ìdáàṣà àti Savalou la jọ ní àwọn aṣòfin tiwa lára wọn, mẹ́ẹ̀rì Bantè ní ìwé kan, mẹ́ẹ̀rì Savalou ní ìwé kan. Wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń wá sí ọdún iṣu tuntun ní Savalou ní 15 August, wọ́n ń wá ṣí kànga, wọ́n ń wá síbi òkú àgbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, ní gbangba, níṣojú àwọn baálẹ̀: bí ẹni tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ yín bá wá béèrè ìgbọ̀wọ́, tí ará ìlú sì ń fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé ẹ óò fọwọ́ sí i?